Orí Kẹfà: Ẹwìrì Inú Ẹ́ńjìnnì

Ẹni tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Renault 5 GT Turbo, ọkọ̀ kékeré onílẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ilé iṣẹ́ Renault ti ilẹ̀ Faransé gbé jáde ní ọdún 1985, kò ní rí ohun tó jọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ eré ìje níbẹ̀. Irin dídà ni wọ́n fi ṣe ara ẹ́ńjìnnì náà, lítà 1.4 péré ni gbogbo àyè tó wà nínú sílíńdà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìdílé ẹ́ńjìnnì tó sì ti jáde wà láti ọdún 1962, tí wọ́n ti ń fi sínú àwọn ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò retí eré lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀, agbára ẹṣin 115 ló ń mú wá, nígbà tó jẹ́ pé Golf GTI tó jáde ní 1976, tí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ jẹ́ lítà 1.6, kò kọjá 110. Ìbéèrè tí orí yìí fẹ́ dáhùn ni bí ẹ́ńjìnnì kékeré ṣe ń rí irú agbára bẹ́ẹ̀, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí agbára náà bá dé orí taya méjì iwájú, nítorí pé ẹsẹ̀ iwájú ni ọkọ̀ yìí fi ń fa ara rẹ̀, òun kan náà ló sì fi ń yà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé epo pẹtiróòlù ni oúnjẹ ẹ́ńjìnnì, wọn kò sì jẹ̀bi, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló ń jẹ jù. Gíráàmù epo kan kò lè jóná tán àfi tó bá rí nǹkan bíi gíráàmù 14.7 afẹ́fẹ́, torí pé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń bá epo jó. Epo kò ṣòro láti fi kún un. Afẹ́fẹ́ ni kò rọrùn láti rí tó. Alágbẹ̀dẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó mọ ọkọ̀. Bí wọ́n bá da èédú bámúbámú sí ojú iná arọ tí wọn kò fẹ́ ẹ, ooru díẹ̀ ni yóò mú wá, ṣùgbọ́n bí ọmọṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fín ẹwìrì, èédú kan náà lójú iná kan náà yóò pọ́n yòò, irin yóò sì rọ̀ fún òòlù. Ojú iná náà kò fẹ̀ sí i, èédú rẹ̀ kò sì yí padà. Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ sí i. Tọ́bò kì í ṣe ohun mìíràn ju ẹwìrì tí wọ́n so mọ́ ẹ́ńjìnnì.

Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò dà bí ẹni tó ń mí fúnra rẹ̀. Nígbà tí písítìnnì bá sọ̀ kalẹ̀ nínú sílíńdà, àyè ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ìta sì wọlé, kì í ṣe torí pé ẹnikẹ́ni fà á, bí kò ṣe pé ìwúwo afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run tó wà lórí gbogbo wa ló ń tì í wọlé. Nínú ẹ́ńjìnnì lítà 1.4 tó ń yí ní ìgbà 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan sì ń mí ẹ̀ẹ̀kan nínú ìyípo méjì, iye tó lè mí sínú kò lè ju nǹkan bíi lítà 4,200 lọ ní ìṣẹ́jú náà. Kì í tilẹ̀ sábà tó bẹ́ẹ̀, nítorí fílítà, páìpù tóóró, àti fáàfù tó ń ṣí fẹ́rẹ́ tó sì ń padé ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó mí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè fún un ní àyà tó tóbi, ìyẹn ẹ́ńjìnnì ńlá, tí yóò wúwo tí kò sì ní wọ imú ọkọ̀ kékeré. Ó lè mú kí ó máa mí kíákíá, tí àwọn irin inú rẹ̀ yóò tètè gbó. Tàbí kí ó wá ohun tí yóò máa ti afẹ́fẹ́ sí i lẹ́nu.

Ohun tí yóò máa tì í ló fa ìrònú. Bí wọ́n bá fi bẹ́líìtì so ẹwìrì náà mọ́ ẹ́ńjìnnì, bí àwọn kan ti ń ṣe, yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì náà ni yóò máa san owó iṣẹ́ rẹ̀. Alfred Büchi, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Switzerland, wo ibòmíràn, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí èrò rẹ̀ ní ọdún 1905. Nínú gbogbo agbára tó wà nínú epo tí ẹ́ńjìnnì ń sun, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń bá èéfín jáde ní sàlẹ́ńsà, bí ooru àti bí ìfúnpá, tí kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Büchi ní kí èéfín náà ṣiṣẹ́ kó tó lọ. Èrò yìí lẹ́wà gan-an, torí pé ohun tí ẹ́ńjìnnì ti jù nù ni wọ́n ṣà padà, tí wọ́n sì fi bọ́ ẹ́ńjìnnì náà.

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ kò díjú. Fáànù kékeré méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè wọ inú àtẹ́lẹwọ́, ni wọ́n fi sí orí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun kan, èkejì ní ìpẹ̀kun kejì. Fáànù kọ̀ọ̀kan ń gbé inú ilé irin tó ká bí ìkarahun ìgbín. Èéfín tó ń tú jáde láti inú sílíńdà ń gba ẹnu tó fẹ̀ wọ ìkarahun àkọ́kọ́, ọ̀nà náà ń fún mọ́ ọn bó ti ń ká lọ sínú, eré rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i, bí omi ṣe ń sáré níbi tí odò bá ti fún, títí yóò fi kọlu abẹ́ fáànù èéfín tí yóò sì máa yí i. Bí fáànù èéfín bá ti ń yí, fáànù afẹ́fẹ́ tó wà ní ìpẹ̀kun kejì kò ní yíyàn: ó ń fa afẹ́fẹ́ tútù láti inú fílítà, ó ń gbọ̀n ọ́n sí etí ìkarahun tirẹ̀, ó sì ń fún un pọ̀ lọ sí ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ wọ́n lára, irú tọ́bò kékeré bẹ́ẹ̀ ń yí ju ìgbà 150,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Iye ìyípo tó ń ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, fáànù òrùlé inú yàrá yóò fi nǹkan bí ìṣẹ́jú méje ṣe é.

Irin kò lè fara kan irin ní irú eré bẹ́ẹ̀ kó má jóná. Nítorí náà, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so fáànù méjèèjì pọ̀ ń léfòó nínú ọ́ìlì, ọ́ìlì tín-ín-rín tí ẹ́ńjìnnì ń tì sí i láìdáwọ́ dúró, nígbà tí ìpẹ̀kun rẹ̀ kan wà nínú èéfín tó lè gbóná dé ìwọ̀n 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí ló fà á tí àwọn mẹkáníìkì fi ń kìlọ̀ fún onímọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré bọ̀ pé kí ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rọra ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó pa á. Bó bá pa á lójijì, ọ́ìlì yóò dúró sójú kan, ooru tó kù nínú irin yóò sì sun ún dúdú mọ́ ara irin náà, bí ọbẹ̀ ti ń jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ọ̀nà ọ́ìlì yóò dí. Nígbà tí Renault tún ọkọ̀ náà ṣe ní 1987, wọ́n fa omi ráàdíétọ̀ gba inú tọ́bò rẹ̀ láti bá ooru yẹn jà.

Ooru tún wà ní ibòmíràn, èyí sì ni ibi tí ọ̀pọ̀ àlàyé nípa tọ́bò máa ń fò. Ẹni tó bá ti fi póńpù fún taya kẹ̀kẹ́ ológeere mọ̀ pé ẹnu póńpù náà máa ń gbóná, nítorí afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá fún pọ̀ kò ní ṣàì gbóná. Kí a gbà pé afẹ́fẹ́ wọ inú tọ́bò ní ìwọ̀n 30, bó ṣe máa ń rí ní ọ̀sán Èkó, tí tọ́bò sì fún un pọ̀ títí ìfúnpá rẹ̀ fi di 1.7 ti afẹ́fẹ́ ìta. Ní ojú lásán, ẹ́ńjìnnì yóò rí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún kún un. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ náà yóò ti jáde ní nǹkan bí ìwọ̀n 100, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì máa ń fẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ohun tó wọ sílíńdà gan-an kò ju nǹkan bí ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún kún un. Nǹkan bí ìdajì èrè ti bá ooru lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé ohun kan tó dà bí ráàdíétọ̀ sí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ náà, tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wọlé láti iwájú ọkọ̀ ló ń mú un tutù. Ráàdíétọ̀ afẹ́fẹ́ ni a óò máa pè é. Bó bá mú ooru wá sílẹ̀ sí ìwọ̀n 50, èrè tó ti dín sí 38 yóò gòkè padà sí nǹkan bí 59. Kò sí irin tó ń yí nínú rẹ̀ rárá, síbẹ̀ ó dá ju ìdajì ohun tí ooru jí lọ padà.

Afẹ́fẹ́ gbígbóná lè ṣe ohun tó burú ju kíkéré lọ. Nínú sílíńdà tó ní àlàáfíà, pọ́lọ́ọ̀gì ló ń ṣáná, iná náà á sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ pọ́lọ́ọ̀gì, á máa ràn lọ létòlétò bí iná tó ń jó oko, títí yóò fi dé ògiri sílíńdà. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ àti epo tó wà lọ́nà jíjìn sí pọ́lọ́ọ̀gì bá gbóná jù, tí ìfúnpá sì pọ̀ lórí wọn, wọn kò ní dúró de iná náà. Wọn yóò bú gbàù fúnra wọn lẹ́ẹ̀kan náà. A lè pe èyí ní ìjóná àìtọ́jọ́. Ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n da òkúta wẹẹrẹ sínú agolo, iṣẹ́ ibi rẹ̀ sì ni pé ó ń fi òòlù lu orí písítìnnì títí yóò fi lu tàbí tí yóò fi yọ́. Nígbà tí mẹkáníìkì bá sọ pé ẹ́ńjìnnì kan ti nọ́ọ̀kì, ikú ẹ́ńjìnnì náà ló ń ròyìn. Ìjóná àìtọ́jọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àrùn tó máa ń ṣáájú irú ikú bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ fi tọ́bò sí ọkọ̀ kékeré sá fún un nípa dídín bí písítìnnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ kù, ó sì jẹ́ kí ọkọ̀ wọn máa ṣe bí ẹni tí kò jẹun nígbà tí tọ́bò kò bá tíì dé. Lóde òní, kọ̀ǹpútà ní etí kan tí wọ́n dè mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, tó ń gbọ́ ohùn òkúta náà kí ènìyàn tó gbọ́ ọ, tó sì ń dá iná pọ́lọ́ọ̀gì dúró díẹ̀; wọ́n sì ń fọ́n epo sínú sílíńdà gan-an, tí epo náà fi ń mú inú rẹ̀ tutù bó ti ń gbẹ, bí òógùn ṣe ń mú ara tutù.

Ewu mìíràn wà nínú bí tọ́bò ṣe ń bọ́ ara rẹ̀. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ ń mú èéfín púpọ̀ wá, èéfín púpọ̀ ń mú kí fáànù yára, fáànù tó yára sì tún ń mú afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wá. Bí kò bá sí ohun tó dá a dúró, ẹ́ńjìnnì yóò fọ́. Ohun tó ń dá a dúró ni ilẹ̀kùn kékeré kan tí a lè pè ní ẹnu àbùjá. Nígbà tí ìfúnpá bá dé iye tí wọ́n fẹ́, ìfúnpá náà yóò ti awọ rọ́bà kan, awọ yóò borí sípíríǹgì, ilẹ̀kùn yóò sì ṣí kí lára èéfín gba àbùjá lọ tààrà sí sàlẹ́ńsà láìkan fáànù. Saab ti ilẹ̀ Sweden, tó fi 99 Turbo rẹ̀ han aráyé ní 1977, ọkọ̀ tí òun náà ń fi ẹsẹ̀ iwájú fa ara rẹ̀, ló fi ọgbọ́n lo ẹnu àbùjá yìí. Dípò kí wọ́n wá tọ́bò ńlá tí yóò mú agbára wá nígbà tí ọkọ̀ bá ti ń fò, Per Gillbrand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yan tọ́bò kékeré tó ń jí láti ìgbà tí eré kò tíì pọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ẹnu àbùjá máa tú èyí tó bá ṣẹ́kù dànù.

Ìdí tí yíyàn yẹn fi ṣe pàtàkì ni ìlọ́ra, ìyẹn àkókò tó wà láàárín ìgbà tí ẹsẹ̀ tẹ tọ́tù àti ìgbà tí agbára dé. Fáànù ńlá wúwo, kì í sì í tètè jí. Renault mọ èyí lára. Ní oṣù Keje ọdún 1977, wọ́n gbé ọkọ̀ ìje Formula 1 kan tó ní tọ́bò lọ sí Silverstone ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lítà 1.5 láàárín àwọn tó ní lítà 3.0, ọkọ̀ aláwọ̀ ìyeyè tó ń rú èéfín funfun tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní ìkòkò tíì. Awakọ̀ rẹ̀ ní láti tẹ tọ́tù kó tó parí kọ́nà, kí agbára lè bá a ní ojú ọ̀nà gbọọrọ. Nǹkan bí ọdún méjì ni wọ́n fi forí tì í kí Jean-Pierre Jabouille tó gba ipò kìíní ní Dijon ní 1979. Nínú 5 GT Turbo tí ènìyàn ń wà lọ sí ọjà, ìlọ́ra náà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀: ọkọ̀ náà á rọra bẹ̀rẹ̀, á dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò ta gìrì lójijì.

Orí taya iwájú ni ìtagìrì yẹn ń bọ́ sí. Nínú irú ọkọ̀ yìí, wọ́n dá ẹ́ńjìnnì dùbúlẹ̀ níbùú, wọ́n lẹ gíàbọ́ọ̀sì mọ́ ọn, gbogbo iṣẹ́ sì parí sí iwájú, èyí tó jẹ́ kí àyè ẹ̀yìn ṣẹ́kù fún èrò àti ẹrù, tó sì mú kí ọkọ̀ fúyẹ́. Gíàbọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ ń jẹ ìyà rẹ̀. MG Metro Turbo ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 1982, ní gíàbọ́ọ̀sì tó ń gbé ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, tí àwọn méjèèjì jọ ń lo ọ́ìlì kan, wọn kò sì kọ́ ọ fún irú ipá bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe é ní láti dín ìfúnpá tọ́bò kù nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò bá tíì yára, kí eyín gíà má bàa ká.

Taya gan-an ní ìṣúná tirẹ̀. Ìdìmọ́lẹ̀, ìyẹn bí rọ́bà ṣe ń di ojú ọ̀dà mú, dà bí owó ọjà tí wọ́n fún ènìyàn kan lọ́jọ́ kan: ohun tó bá ná lórí iṣu kò ní sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ láti fi ra epo. Taya ẹ̀yìn ọkọ̀ afẹsẹ̀-iwájú-fà kò ní ìnáwó púpọ̀, ṣùgbọ́n ti iwájú ń ná owó kan náà lórí fífà àti lórí yíyà. Bí onímọ́tò bá tẹ tọ́tù nínú kọ́nà tí tọ́bò sì jí, fífà yóò gbé gbogbo owó náà, kò ní sí èyí tó kù fún yíyà, imú ọkọ̀ yóò sì máa lọ síta bó tilẹ̀ jẹ́ pé stíárìn ti yí tán. Ohun tó tún mú un le ni pé, bí ọkọ̀ bá ti sáré síwájú, ìwúwo rẹ̀ ń sún sẹ́yìn, bí èrò orí ọ̀kadà ti ń fì sẹ́yìn nígbà tí ọlọ́kadà bá ṣáná lójijì. Imú ọkọ̀ á gbé sókè, taya iwájú á sì fúyẹ́ ní àsìkò tí iṣẹ́ wọn pọ̀ jù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjágbà stíárìn, níbi tí stíárìn ti ń já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ awakọ̀. Ẹsẹ̀ iwájú kọ̀ọ̀kan ń yí sọ́tùn-ún sósì lórí ìlà kan tí ojú kò rí, bí ilẹ̀kùn ti ń yí lórí híńjì. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn nítòsí híńjì, ilẹ̀kùn kò ní mira. Bó bá tì í ní etí kejì, ìka kan tó. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, ìlà yìí jìnnà sí àárín wíìlì lápá inú, nítorí náà ni ipá tó ń fa wíìlì síwájú fi ń gbìyànjú láti yí i bí ilẹ̀kùn. Ti ọ̀tún ń tì, ti òsì ń tì, irin stíárìn tó so wọ́n pọ̀ sì mú kí ìtì méjèèjì pa ara wọn rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí taya ọ̀tún bọ́ sórí iyanrìn tàbí omi, tàbí kí ṣáàfù apá kan kúrú ju ìkejì lọ, bó ṣe sábà máa ń rí torí pé gíàbọ́ọ̀sì kì í wà láàárín gan-an, ìtì ọ̀kan yóò borí, stíárìn yóò sì fò. Àwọn tó wa Focus RS tí Ford gbé jáde ní 2002 mọ ìjà yìí dáadáa, pẹ̀lú agbára ẹṣin tó lé díẹ̀ ní 200 péré. Nígbà tí Ford tún ṣe òmíràn ní 2009, tí agbára rẹ̀ tó nǹkan bí 300, wọ́n ya apá tó ń yí pẹ̀lú stíárìn kúrò lára apá tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú sípíríǹgì, kí ìlà náà lè bọ́ síta sún mọ́ àárín wíìlì. Wọ́n gbé híńjì lọ bá ọwọ́ tó ń ti ilẹ̀kùn. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló wà lábẹ́ Honda Civic Type R tó ní agbára ẹṣin 320, tó fi ẹsẹ̀ iwájú nìkan yí Nürburgring ti ilẹ̀ Jámánì po ní 2017 láàárín ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú àáyá 43.8.

Apín-ipá ló kù, ìyẹn àkójọ gíà tó ń pín ipá ẹ́ńjìnnì fún wíìlì méjèèjì, tó sì ń jẹ́ kí ti ìta yára ju ti inú lọ nínú kọ́nà. Èyí tó wọ́pọ̀ ń pín in ní dọ́gbadọ́gba, bí ẹni méjì tó fi ọ̀pá kan gbé ẹrù: alágbára kò lè gbé ju ohun tí ejìká aláìlera lè gbà lọ. Nínú kọ́nà, taya inú ló máa ń fúyẹ́, òun ni yóò kọ́kọ́ yọ̀, ní kété tó bá sì ti yọ̀, ti ìta tó dì mọ́lẹ̀ dáadáa kò ní rí ju ìpín kékeré yẹn gbà. Irú tí ilé iṣẹ́ Quaife ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe, tí àwọn tó ra Fiesta ST ti ọdún 2018 lè sanwó kún láti gbà, ní àwọn gíà tí wọ́n gé eyín wọn ní ẹ̀gẹ́rẹ́. Bí taya inú bá ti fẹ́ sáré ju ti ìta lọ, eyín wọ̀nyí ń ti ara wọn mọ́ ògiri ilé wọn, ìfarakanra náà á fa taya inú sẹ́yìn, á sì gbé ìpín tó pọ̀ jù fún ti ìta. Lórí ọ̀dà tó tutù lẹ́yìn òjò, onímọ́tò tó ń jáde nínú kọ́nà ọwọ́ òsì lè fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n: ó tẹ tọ́tù, fáànù méjèèjì jí pẹ̀lú ìró wíwẹ́ bí ti fèrè, taya òsì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n omi, stíárìn wúwo díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, taya ọ̀tún sì di ilẹ̀ mú, ó fa imú ọkọ̀ padà wọ inú ọ̀nà.